Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Fi Túláàsì Fún Ọkọ̀ Eléré Ní Afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ rí kò ní ṣàì ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ owú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹwìrì ni. Bí alágbẹ̀dẹ bá kó èédú jọ tí ó sì ṣáná sí i, iná náà yóò kàn máa rú èéfín ni, kò ní lè pọ́n irin. Ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá gba ọ̀pá ẹwìrì mú, tí ó ń fínná lọ́tùn-ún lósì, ni èédú kan náà yóò pọ́n yòò, tí irin yóò sì rọ̀. A kò fi èédú kún èédú o. Afẹ́fẹ́ ni a fi kún un.

Lórí ọgbọ́n kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí dúró lé. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé oríkì, ìjálá, àrànmọ́ àti ìpajẹ ni ojú wa mọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Èsì mi ni pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi Yorùbá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí ìwé, a máa ń ṣe bí ẹni pé èdè náà kò lè gbé e. N kò fara mọ́ èyí rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń lò ni èmi náà yóò lò. Níbi tí kò bá sì ti sí ọ̀rọ̀, n ó ṣàlàyé nǹkan náà bó ti rí.

Ọkọ̀ tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjòkòó méjì tí wọ́n ń ṣe ní Hiroshima ní ilẹ̀ Jàpáàn, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní ìlú Chicago ní oṣù kejì ọdún 1989. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé àwọn tó fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí, ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jàpáàn fúnra rẹ̀, kì í yé lò ó. Ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó mọ orí ọ̀nà í dì mú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń wà á ló ń sọ pé agbára rẹ̀ ìbá tún pọ̀ sí i díẹ̀.

Kí Ni Ẹ́ńjìnnì Ń Jẹ?

Epo la máa ń rà, epo la sì ń kígbe pé ó wọ́n, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ jù. Kí bẹntiróòlù kílò kan tó lè jóná tán láìṣẹ́kù, ó nílò afẹ́fẹ́ kílò 14.7. Epo kò ṣòro láti fi kún: kí ẹnu nọ́sù tó ń tú u ṣí pẹ́ díẹ̀ sí i, ó parí. Afẹ́fẹ́ ni wàhálà. Bí písítìn bá ti sọ̀ kalẹ̀, àyè a ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta a sì ya wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tì í ju ìfúnpá afẹ́fẹ́ ayé yìí lọ, èyí tí í ṣe pọ́n-ùn 14.7 lórí ìǹṣì kan ní ìbú àti òòró, bí a bá wà ní etí òkun. (Pé nọ́ńbà yìí bá ti àkọ́kọ́ mu kàn ṣèèṣì ni, wọn kò bá ara wọn tan. Ó ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí rú.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì MX-5 ọdún 1989 jẹ́ lítà 1.6, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí 115 agbára ẹṣin nígbà tó bá ń yí ní ìgbà 6,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń mí nínú ìyípo méjì. Èyí já sí mímí 3,250 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ lítà 5,200. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kì í jẹ́ kó mí kánlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ní ìdá 85 nínú 100 ló ń wọlé lóòótọ́. Ó ku lítà 4,420. Ní ọjọ́ tí ooru bá jẹ́ dígírì 30, lítà afẹ́fẹ́ kan a wọn gíráàmù 1.165, nítorí náà kílò 5.15 afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ kékeré yìí ń gbé mì ní ìṣẹ́jú kan péré.

Ẹni tó bá ń fẹ́ agbára sí i lè wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju èyí lọ, tàbí kí ó jẹ́ kí èyí tó wà máa yí kíákíá sí i. Àkọ́kọ́ yóò ba ìfúyẹ́ ọkọ̀ náà jẹ́, èkejì yóò sì tètè gbó o. Ó wá ku ẹwìrì.

Ibi Tí Ọgbọ́n Náà Ti Ṣẹ̀ Wá

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé láti ilé ìyọ́rin ni ẹ̀rọ náà ti wọ inú ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹwìrì gan-an. Ní ọdún 1860 ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Philander àti Francis Roots, ní ìlú Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí irin méjì ń yí pàdé ara wọn nínú rẹ̀ láti ti afẹ́fẹ́ síwájú. Iná ìléru ìyọ́rin ni wọ́n ń fi í fẹ́, wọ́n sì tún ń fi í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò ìwakùsà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi bẹ́líìtì tàbí gíà so irú rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i. Orúkọ tí wọ́n sọ èyí ni supercharger.

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn. Ó rí i pé èéfín gbígbóná tí à ń jù nù láti sàlẹ́ńsà ṣì ní agbára púpọ̀ nínú. Ní ọdún 1905 ó gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí a lè gbà lo agbára yẹn. Nínú tọ́bò tí a mọ̀ lónìí, fáànù kékeré méjì ló wà lórí ọ̀pá kan. Èéfín ń yí ọ̀kan, èyí sì ń yí èkejì tí ń ki afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí à ń dà nù ló wá di ọmọ iṣẹ́ tí ń fínná.

Ní ọdún 1918, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Sanford Moss gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan gun orí òkè Pikes Peak ní Colorado, tí gíga rẹ̀ ju mítà 4,300 lọ. Nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà ní 350 agbára ẹṣin. Lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ó já sí 230. Nígbà tó so tọ́bò mọ́ ọn níbẹ̀, ó di 356. N kò rò pé a lè rí ẹ̀rí tó ṣe kedere ju èyí lọ pé afẹ́fẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Oldsmobile gbé ọkọ̀ Jetfire jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ onítọ́bò àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún mùtúmùwà. Kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má baà gbóná jù, wọ́n fi ìkòkò kékeré kan sí i, tí ó kún fún omi àti ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù, èyí tí ń fọ́n sínú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún. Ọ̀pọ̀ wọn kò rọ ọ́. Wọ́n á gbàgbé, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, wọ́n á sì dá a padà fún àwọn tó tà á kí wọ́n yọ tọ́bò náà kúrò. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣe é mọ. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ náà kò burú. Àwọn tó ṣe é ló gbàgbé ìwà ọmọ aráyé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ rántí Jetfire: ohun ààbò tó jẹ́ pé ìrántí ẹnìkan ló gbé e ró kì í ṣe ààbò.

Lẹ́yìn náà ni BMW ṣe 2002 Turbo ní ọdún 1973, ọdún tí ọ̀wọ́n epo bẹ́ sílẹ̀, tí 1,672 péré nínú rẹ̀ fi jáde. Saab ṣe 99 Turbo ní ọdún 1977. Renault sì gbé tọ́bò wọ eré ìje àgbáyé ní Silverstone ní ọdún 1977 yìí kan náà. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn ṣẹ̀fẹ̀ nítorí bó ṣe ń rú èéfín, ṣùgbọ́n ní ọdún 1979 ó gba ipò kìíní ní Dijon, ẹ̀fẹ̀ sì dópin.

Ooru, Ọ̀tá Inú Ilé

Ká sọ pé a fẹ́ fi pọ́n-ùn 7 kún ìfúnpá tí afẹ́fẹ́ ayé fún wa. Géèjì tí àwọn fọkanáísà fi ń wọn táyà ni à ń sọ yìí. Pọ́n-ùn 7 kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó wà nínú táyà ọ̀pọ̀ ọkọ̀. 14.7 àti 7 jẹ́ 21.7, bí a bá fi 14.7 pín in, ó jẹ́ 1.48. Ẹni tó bá ń kánjú yóò ní afẹ́fẹ́ ti fi ìdá 48 nínú 100 lé sí i nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ọ̀ǹpù a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Bí iṣẹ́ fáànù tọ́bò bá dára tó ìdá 70 nínú 100, afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ ní dígírì 30 yóò jáde ní nǹkan bí dígírì 81. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa fẹ́lẹ́. Nígbà tí a bá ro èyí mọ́ ọn, èrè wa kì í ṣe 48 mọ́, 26 ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi intakúlà sí i, èyí tó rí bíi rédíétọ̀, tí a gbé sí iwájú ọkọ̀ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Bí ó bá lè mú ìdá 70 nínú 100 kúrò nínú ooru tí a fi kún un, afẹ́fẹ́ yóò padà sí dígírì 45, èrè wa yóò sì di 40. Rédíétọ̀ kan lásán, tí ohunkóhun kì í yí nínú rẹ̀, ló sọ 26 di 40! Porsche 911 Turbo fúnra rẹ̀ kò ní in nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ìgbà tí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ di lítà 3.3 ní ọdún 1978 ni wọ́n tó fi sí i.

115 tí a bá fi 40 nínú 100 kún yóò jẹ́ nǹkan bí 160. Tọ́bò yóò gba díẹ̀ padà, nítorí ó ń dí èéfín lọ́nà, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ohun ńlá ni èyí.

Irin àti Ọ́ìlì

Apá tó jẹ́ ti ọwọ́ ẹni gan-an nínú iṣẹ́ yìí ni manifóòlù, oríta páìpù tí ó gba èéfín lẹ́nu ihò mẹ́rin, tí ó sì kó o jọ sí ẹnu tọ́bò. Èéfín tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lè gbóná dé dígírì 900. Irin a máa gùn nígbà tó bá gbóná: manifóòlù tí ìpẹ́pẹ́ ìdí rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40 lè fi nǹkan bí mìlímítà 5 gùn sí i, lẹ́yìn náà kó tún súnkì. Lójoojúmọ́ ni yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wẹ́dà bá lo páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí àtifúyẹ́, yóò là láàárín oṣù díẹ̀. Páìpù nípọn-nípọn ló yẹ, kí irin ìdí rẹ̀ tí a fi ń dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì nípọn tó mìlímítà 10 ó kéré tán, kí a sì dè é mọ́ irin mìíràn gbọningbọnin nígbà tí a bá ń jó o, kó má baà wọ́. Lẹ́yìn jíjó náà, kí a tún rá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Ó tún yẹ kí a fi irin kan gbé tọ́bò náà ró láti ìsàlẹ̀, kó má baà jẹ́ pé manifóòlù nìkan ni yóò máa rù ú.

Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò, ọ́ìlì ni ọ̀pá náà léfòó lé, kò fara kan irin. Ọ́ìlì tí ń lọ fún un kì í ṣòro. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ẹ́ńjìnnì ti tó. Èyí tí ń padà bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe. Ó ń jáde bí ìfófòó, láìsí ohun tí ń tì í, nítorí náà páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àtàǹpàkò, kí ó máa sọ̀ kalẹ̀ láìgbé orí sókè níbikíbi, kí ó sì wọ agbada ọ́ìlì lókè ibi tí ọ́ìlì mọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, sàlẹ́ńsà yóò sì máa tú èéfín búlúù. Onílé yóò máa dá tọ́bò lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ páìpù ni.

Nọ́ọ̀kì

Ní ọgbà mẹkáníìkì wa, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, òkú ni wọ́n ń sọ. Nọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín ni àìsàn tó máa ń ṣáájú òkú náà. Láìsí tọ́bò rárá, písítìn MX-5 ń ki afẹ́fẹ́ àti epo mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 9.4. Bí a bá wá fi afẹ́fẹ́ tí a ti kì tẹ́lẹ̀ kún un, ooru ibẹ̀ lè tó èyí tí epo tó wà ní ìkángun yóò fi gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pulọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nínú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, etí písítìn lè kán. Nítorí èyí ni Saab fi dín ìkìmọ́lẹ̀ 99 Turbo kù sí 7.2. Àwa tí a kò fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, 9.4 la bá, 9.4 la ó lò.

Ohun tó kù fún wa ni epo, àkókò iná àti ìfọkànbalẹ̀. Ti epo kọ́kọ́: afẹ́fẹ́ wa ti di kílò 7.2 ní ìṣẹ́jú kan. Lábẹ́ tọ́bò a kì í lo 14.7 mọ́, à ń lo afẹ́fẹ́ 12 sí epo 1, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí epo tó ṣẹ́kù lè tu inú ẹ́ńjìnnì lára. Èyí jẹ́ epo gíráàmù 600, tí nọ́sù mẹ́rin yóò pín, 150 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi mìlílítà 203. Nọ́sù kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí ju ìdá 80 nínú 100 àkókò lọ, nítorí náà a nílò èyí tó lè tú ó kéré tán 255 ní ìṣẹ́jú kan, kí ó tún ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tutù. Ohun tí ń wọn afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan tí afẹ́fẹ́ ń ṣí. Bí ilẹ̀kùn náà bá ti ṣí dé gbángba, kò tún mọ ohun tó ń lọ mọ́, epo kò sì ní kún sí i. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ṣe máa ń yọ ọ́, tí wọ́n á pààrọ̀ ọpọlọ ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, sí èyí tó ń wo ìfúnpá fúnra rẹ̀.

Ti àkókò iná: kí pulọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná bí ìfúnpá ṣe ń lọ sókè. Dígírì kan fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fetí sí i.

Ìfọkànbalẹ̀ ló ṣòro jù. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára tọ́bò tí ń jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kọjá nígbà tí ìfúnpá bá ti tó. Sípíríǹgì ló tì í pa, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń gbé ìròyìn ìfúnpá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí rọ́bà yìí bá já, ilẹ̀kùn kò ní ṣí mọ́, tọ́bò yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ lọ títí ohun kan yóò fi fọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti ìgò ọ́ìlì kan. Kí a fi wáyà dè é ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí a sì sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ pé kó gé epo bí ìfúnpá bá kọjá 10. Jetfire ni kí a rántí níbí. Lẹ́yìn oṣù kan tí pọ́n-ùn 7 bá ti mọ́ ènìyàn lára, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ 12, àṣejù sì ni baba àṣetẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà yóò kọ́kọ́ máa yọ̀. Gíà ẹ̀yìn ti lítà 1.6 yìí, tó kéré ju ti àwọn tó tẹ̀ lé e lọ, kì í sì í gbà á fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Kí a tó ṣáná sí i, kí a rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú ẹnu tọ́bò. Kí a yọ wáyà nọ́sù, kí a sì fi bátìrì yí ẹ́ńjìnnì títí géèjì ọ́ìlì yóò fi gbéra. Lẹ́yìn náà ni kí a dá wáyà padà, kí ó ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí, kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojúkò páìpù ọ́ìlì. Ní ìrìn àkọ́kọ́, kí géèjì tọ́bò má kọjá òdo. Ní ìrìn kejì, pọ́n-ùn 3, kí ẹnìkejì jókòó tì wá láti máa ka géèjì tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo hàn. Bó bá ti rí i pé ó ń kọjá 12.5 lábẹ́ ìfúnpá, kó ké, kí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀. Bí a bá dé, a kò ní pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì kí ọ́ìlì inú tọ́bò má baà jóná mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn kìlómítà 500, kí a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ yẹn nù, kí a sì tún fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì manifóòlù wò nígbà tó bá ti tutù, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò ṣì le bí a ti dè wọ́n.